Òkè Tí Ó Gbà Wá Là Lánàá: Bí A Ṣe Ń Mọ Ìgbà Tí Ó Di Ewu

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò ní ìrọ̀lẹ́ yìí jẹ mọ́ ohun tí gbogbo ọmọ Èkìtì ń fi ojú rí lójoojúmọ́, tí ó sì ti mọ́ wa lójú débi pé a kì í wò ó mọ́. Ọ̀rọ̀ òkè ni. Ẹni tí ó bá ti Àkúrẹ́ ń bọ̀, tí ó gba Ìkẹ́rẹ́ wọ Adó, kò lè ṣàì rí Olósùnta àti Òróole bí wọ́n ti dúró gbagidi sí Ìkẹ́rẹ́. Bí ó bá dé Adó tán, òkè ni yóò tún pàdé rẹ̀: Olóta wà níbẹ̀, Ayọba wà níbẹ̀, àwọn mìíràn sì yí ìlú ká bí ọgbà. Ọ̀pọ̀ àgbà ni ó gbà pé láti ara òkìtì ni orúkọ Èkìtì ti jáde. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé òkè ni ó sọ wá lórúkọ.

Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn kò ṣòro láti bi: báwo ni ènìyàn ṣe ń mọ̀ pé òkè tí òun ń gbé lẹ́bàá rẹ̀ ti fẹ́ di ewu? Àwọn kan yóò ní kí ni ó kàn wá nínú irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Wọn yóò ní òkè Èkìtì kì í ṣe òkè tí ń yọ iná, àti pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ó ti wà níbẹ̀ tí kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yìí dùn-ún gbọ́. Ṣùgbọ́n kí a tó gbà á, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìtàn, nítorí pé nínú ìtàn ni a ó ti rí ohun tí ó yí padà láàárín àwa àti òkè.

Ní ọ̀rúndún tí ó ṣáájú èyí tí àwọn bàbá wa lò, ogun ni ó gba ilẹ̀ Yorùbá kan. Ní àkókò náà, ẹni tí ó bá ní òkè ní ààbò. Nígbà tí ìlú àwọn Ẹ̀gbá tú, abẹ́ Olúmọ ni Ṣódẹkẹ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tẹ̀dó sí ní nǹkan bí ọdún 1830, ibẹ̀ ni ó sì di Abẹ́òkúta. Àwọn ará Ìdànrè ń gbé lórí òkè pátápátá, ní ibi tí ó ju 600 àtẹ̀gùn lọ sókè, níbi tí ọ̀tá kò lè dé láìjẹ́ pé wọ́n ti rí i láti ọ̀nà jíjìn. Àárín òkè gíga ni Ẹfọ̀n-Aláayé náà jókòó sí. Nígbà tí Fábùnmi ti Òkè-Mẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ní ọdún 1878, tí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà sì para pọ̀ di Èkìtìparapọ̀, àárín àwọn òkè tí ó wà láàárín Ìmẹ̀sí-Ilé àti Ìgbájọ ni wọ́n ti bá Ìbàdàn wọ̀yá ìjà. Dídún ìbọn ńláńlá tí ń kọ láàárín òkè wọ̀nyẹn ni ó bí orúkọ Kírìjì. Ìwé àlàáfíà tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 1886 kò tú àwọn ọmọ ogun ká lójú ẹsẹ̀. Ó di ọdún 1893 kí ogun náà tó parí pátápátá.

Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé àwọn baba ńlá wa kò fi ojú lásán wo òkè. Ní Ìkẹ́rẹ́, a ṣì ń ṣe ọdún Olósùnta títí di òní. Ní Ìbàdàn, ọdún Òkèbàdàn wà. Ẹni tí nǹkan bá gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ ikú ní láti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun kan. Àwọn tí ń gbé lórí òkè nígbà náà kò pọ̀ tó báyìí. Amọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ilé wọn. Wọn kì í gbẹ́ ìdí òkè jìn kí ilé lè tẹ́ pẹrẹsẹ. Igbó ni ó sì bo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdagẹ̀rẹ̀ tí ó wà nísàlẹ̀ àpáta. Òkè wọn àti òkè wa, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, ṣùgbọ́n ara wọn kò rí bákan náà mọ́.

Nígbà tí ogun parí, tí ọ̀nà mọ́tò sì dé, àǹfààní gbígbé lórí òkè bẹ̀rẹ̀ sí dínkù. Omi pípọn láti gòkè jẹ́ ìyà, gbígbé kòkó sọ̀ kalẹ̀ náà jẹ́ ìyà. Láàárín nǹkan bí ọdún 1920 sí ọdún díẹ̀ lẹ́yìn 1930, àwọn ará Ìdànrè fi ìlú wọn sílẹ̀ lórí òkè, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ níbi tí wọ́n wà lónìí. Ìlú àtijọ́ náà ṣì wà lókè bí ohun ìrántí, orúkọ rẹ̀ sì wọ inú ìwé àjọ UNESCO ní ọdún 2007 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí ayé dá mọ̀. Ní Adó, ọdún 1933 ni a dá ilé-ẹ̀kọ́ Christ's School sílẹ̀, orí òkè Agidimọ ni ó sì wà títí di òní. Lẹ́yìn èyí ni ìlú ń gbòòrò díẹ̀díẹ̀.

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996 ni nǹkan wá yí padà kánkán. Ọjọ́ náà ni a yọ Ìpínlẹ̀ Èkìtì kúrò lára Ìpínlẹ̀ Òǹdó, tí Adó sì di olú-ìlú. Òṣìṣẹ́ ìjọba dé, oníṣòwò dé, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì àti ti pólì dé. Gbogbo wọn ni ó nílò ilé. Ilẹ̀ tí ó tẹ́jú láàárín ìlú gbówó lórí. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó sì yíjú sí ìdí òkè, níbi tí ilẹ̀ ti dẹ̀ díẹ̀ lówó. Bí ẹ bá rìn káàkiri àyíká Adó lónìí, ẹ ó rí ilé tí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ jẹ́ àpáta gan-an. Ẹ ó rí ibi tí wọ́n ti fi katapílà gé ẹsẹ̀ òkè bí ẹni gé búrẹ́dì, kí ilé lè rí àyè jókòó. Ẹ ó rí kúárì tí a ti ń fi àdó fọ́ òkúta tí a fi ń kọ́ ilé wọ̀nyẹn. Nígbà ogun, a gun òkè nítorí ẹ̀rù ọ̀tá. Ní ayé ìsinsìnyí, a ń lé e bá nítorí owó ilẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí ni ó yẹ kí a mú lọ́kàn.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ara òkè fúnra rẹ̀. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta sọ fún wa pé òkúta abẹ́ Èkìtì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí ó gbó jù ní ilẹ̀ wa. Òkúta líle dúdú tí wọ́n ń pè ní charnockite pọ̀ ní agbègbè Adó àti Ìkẹ́rẹ́, gíránáìtì sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Inú ilẹ̀ jíjìn ni wọ́n ti dì nígbà láéláé. Bí òjò àti afẹ́fẹ́ ṣe ń kó ilẹ̀ tí ó bò wọ́n lọ, ni ẹrù tí ó tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ ń fúyẹ́, tí ara wọn sì ń sán. Oòrùn ọ̀sán ń mú kí wọ́n wú, òtútù òru ń mú kí wọ́n sún kì, pàápàá nígbà ọyẹ́. Báyìí ni òkè ṣe ń bó bí àlùbọ́sà, ní ìpele ìpele. Ìpele tí ó bá bó yóò já sí wẹ́wẹ́, àwọn òkúta ràbàtà yóò sì jókòó lórí òkè tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òmíràn bí ẹni pé ọwọ́ ni ó gbé e síbẹ̀.

Ní ìsàlẹ̀ àpáta lílọ́rìn yìí ni ilẹ̀ pupa wà. Òkúta tí ó ti jẹrà ni ilẹ̀ yìí. Bí ó bá gbẹ, ó le bí bíríkì. Bí omi bá rin ín dénú, ó rọ̀ bí ọṣẹ. Lábẹ́ rẹ̀, àpáta dídán tún wà, tí omi kò lè wọ̀. Nítorí náà, ohun tí ó wà ní ìdí ọ̀pọ̀ òkè wa ni ẹrù ilẹ̀ tí ó jókòó lórí ohun tí ń yọ̀, ní ìdagẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó dì í mú ni gbòǹgbò igi, lílẹ̀ tí ilẹ̀ náà lẹ̀ mọ́ra, àti ẹsẹ̀ òkè tí ó tì í láti ìsàlẹ̀. Bí a bá gé igi, tí a sì gé ẹsẹ̀ òkè, a ti yọ méjì nínú mẹ́ta kúrò. Omi ni yóò parí ìyókù.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀ lórí omi náà. Àpáta kì í mu omi. Bí àpáta kan bá fẹ̀ tó hẹ́kítà 1, tí òjò ńlá kan sì rọ̀ tí ó tó mìlímítà 50, omi tí yóò ṣàn kúrò lórí rẹ̀ lè súnmọ́ 500,000 lítà. Bí tánkà omi kan bá ń gba 10,000 lítà, tánkà 50 ni òkè náà dà sí ẹ̀yìnkùlé àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹni tí ó kọ́lé sí ìdí àpáta kò ní gba òjò tirẹ̀ nìkan. Yóò gba ti òkè kún un.

Kí a lè mọ bí a ṣe ń wọn irú ewu yìí, mo fẹ́ kí a rìn jìnnà díẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ó ti fi ọjọ́ pípẹ́ ṣe iṣẹ́ náà. Ní ilẹ̀ Switzerland àti Austria, òkè wọn ga ju tiwa lọ lọ́nà púpọ̀, òjò dídì ni ó sì ń bò ó nígbà òtútù. Òjò dídì yìí lè já kúrò lára òkè lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó sì bo abúlé mọ́lẹ̀. Láti ọdún 1936 ni àwọn onímọ̀ ti ní ibùdó ìwádìí lórí òkè ní Davos ní Switzerland, tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa wo òjò dídì lọ. Síbẹ̀, nígbà òtútù ọdún 1950 sí 1951, ó ju 90 ènìyàn lọ tí ó kú ní orílẹ̀-èdè náà nìkan. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti túbọ̀ tẹra mọ́ ọn.

Kí ni wọ́n rí? Wọ́n rí i pé ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òtútù, nígbà tí òjò dídì kò tíì nípọn, tí gbogbo nǹkan sì dà bí ohun tí kò le, ni a ti ń gbin ewu. Ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀, afẹ́fẹ́ òkè sì tutù rinrin. Nítorí ìyàtọ̀ yìí, òjò dídì àkọ́kọ́ yóò yí padà, yóò di hóró-hóró bí gààrí gbígbẹ, tí ọ̀kan kò lẹ̀ mọ́ èkejì. Bí òmíràn bá wá rọ̀ lé e lórí tí ó nípọn tí ó sì wúwo, orí gààrí ni ó jókòó lé. Òkè náà yóò dára lójú, yóò funfun báláú. Ẹsẹ̀ ènìyàn kan ṣoṣo tí ó bá tẹ̀ ẹ́ ní ibi tí kò yẹ lè tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gbọ́n níbẹ̀ kì í fi ojú òkè dá òkè mọ̀. Ó ń gbẹ́ kòtò kékeré, ó ń wo ìpele tí ó wà nísàlẹ̀. Ó ń wọn ìdagẹ̀rẹ̀, nítorí pé láàárín ìwọ̀n 30 sí 45, bí a bá ka ògiri tí ó nàró sí ìwọ̀n 90, ni jíjá náà ti wọ́pọ̀ jù. Ó sì ń bèèrè ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kún un: ṣé òjò dídì tuntun ni, àbí afẹ́fẹ́ ni ó kó o wá, àbí ooru ni ó dé lójijì?

Ní ọdún 1993, àwọn orílẹ̀-èdè ilẹ̀ Yúróòpù fi ẹnu kò lórí ìpele ewu 5, kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́ ìkìlọ̀ kan náà. Ohun tí ó yẹ kí ó dúró sí wa lọ́kàn ni pé ìpele 3, tí ó wà láàárín, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kú jù. Nígbà tí ewu bá dé ìpele 5, gbogbo ènìyàn a sá. Nígbà tí ó bá wà láàárín, kálukú a máa rò pé ti òun yóò yàtọ̀. Ẹ tún gbọ́ ti Galtür, abúlé kan ní Austria. Ní ọjọ́ 23 oṣù kejì ọdún 1999, òjò dídì já láti orí òkè, ó sì pa ènìyàn 31 níbẹ̀. Lára ilé tí ó wó, àwọn kan wà ní ibi tí àwòrán ilẹ̀ ìjọba kà sí ibi tí ewu kò lè dé. Òkè kò ka àwòrán náà.

Àwọn kan yóò ní, "Òjò dídì kò sí ní Èkìtì." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mẹ́ta wọ̀nyẹn ń bẹ níbi gbogbo tí ìdagẹ̀rẹ̀ bá wà: Báwo ni ó ṣe dà gẹ̀rẹ̀ tó? Kí ni ó wà lábẹ́? Kí ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún un, tàbí kí ni a yọ kúrò? Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú bọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí a wo Freetown.

Freetown kò ṣe àjèjì sí Yorùbá. Ibẹ̀ ni wọ́n gbé ọ̀pọ̀ ọmọ wa tí a gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú lọ, àti Àjàyí Crowther pẹ̀lú ní ọdún 1822. Nítorí kíkí "ẹ kú" ni wọ́n fi ń pe àwọn ènìyàn wa níbẹ̀ ní Aku. Abúlé Regent, tí ó wà lára òkè lẹ́yìn ìlú náà, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí a fi irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ sí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2017, apá kan lára òkè Sugar Loaf já ní agbègbè Regent. Òjò tí ó ti rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje tó ìlọ́po mẹ́ta èyí tí ó máa ń rọ̀. Amọ̀, òkúta àti igi dà sínú àfonífojì, wọ́n gbá ilé lọ títí dé ìsàlẹ̀. Ó ju 1,000 ènìyàn lọ tí ó kú tàbí tí a kò rí mọ́. Àwọn tí ó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò sọ pé igbó tí a ti gé àti ilé tí a kọ́ sí ìdagẹ̀rẹ̀ wà lára ohun tí ó sọ àjálù náà di ńlá. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní òpin oṣù kẹwàá ọdún 2019, ilẹ̀ ìdagẹ̀rẹ̀ já bo ilé ní òru ní Bafoussam, ní Kamẹrúùnù, ènìyàn 43 sì bá a lọ. Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ìyókù lọ́gbọ́n.

Ó yẹ kí a kíyè sí àkókò tí nǹkan méjèèjì ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe òjò àkọ́kọ́ ọdún ni ó já àwọn òkè wọ̀nyẹn. Ilẹ̀ ti mu omi fún oṣù púpọ̀, ó ti yó, kí ó tó jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Èyí ni ó mú wa padà sí Èkìtì, àti sí àkókò mẹ́ta tí ó yẹ kí a máa fi ojú tí ó yàtọ̀ wo òkè wa.

Àkọ́kọ́ ni ìgbà ọyẹ́. Nígbà tí ìgbà òtútù bá ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀dọ̀ àwọn ará Davos, ọyẹ́ ni ó ń fẹ́ ní ọ̀dọ̀ wa. Koríko gbẹ, ewé wọ́, òkè sì ṣí ara sílẹ̀. Àkókò yìí ni ó dára jù láti yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí pé gbogbo ohun tí igbó bò mọ́lẹ̀ nígbà òjò ni ojú lè rí. Ṣé ilẹ̀ ti sán lókè ibi tí a gé, tí sísán náà sì ya bí òṣùpá? Ṣé òkúta ràbàtà kan wà tí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ti ṣàn lọ? Ṣé igi tí ó yẹ kí ó nàró ti tẹ̀ síwájú láti ìdí, tí ó sì tún nà sókè? Irú igi bẹ́ẹ̀ ń fi hàn pé ilẹ̀ ti ń rìn díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Àkókò yìí kan náà ni a máa ń tanná ran igbó. Ẹni tí ó bá dáná sun ìdagẹ̀rẹ̀ nígbà ọyẹ́ ti bọ́ aṣọ lára òkè kí òjò tó dé.

Èkejì ni òjò àkọ́rọ̀, láti oṣù kẹta sí oṣù kẹrin. Òjò yìí kì í pẹ́, ṣùgbọ́n ó máa ń fi ìjì àti agbára wá. Ilẹ̀ líle kò lè mu ún kíákíá. Orí ilẹ̀ ni yóò máa sáré gbà. Ewu àkókò yìí ni ti òkúta tí ń yí wálẹ̀ àti àgbàrá tí ń gbẹ́ ìdí ògiri. Bí ènìyàn bá rí i pé àgbàrá ti wá ọ̀nà tuntun sí ẹ̀yìnkùlé òun nínú òjò àkọ́rọ̀, kí ó má sọ pé òjò díẹ̀ ni. Òjò díẹ̀ ni ó ń fi ọ̀nà han òjò púpọ̀.

Ẹ̀kẹta ni àrọ̀kúrò, láti oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá, lẹ́yìn ìsinmi díẹ̀ tí òjò máa ń ṣe nínú oṣù kẹjọ. Àkókò yìí ni ó yẹ kí a bẹ̀rù jù fún ilẹ̀ jíjá, nítorí pé ilẹ̀ ti mu omi láti ìgbà àkọ́rọ̀. Àmì rẹ̀ kì í pamọ́ fún ẹni tí ó bá ń wò. Ìsun omi yóò yọ ní ibi tí kò sí tẹ́lẹ̀. Omi tí ó mọ́ yóò di pípọ́n. Ilẹ̀kùn tí ó ń ṣí dáadáa yóò bẹ̀rẹ̀ sí há. Ògiri yóò sán ní ìdábùú, òpó iná tàbí ọgbà yóò fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Èyí tí ó burú jù ni kí odò kékeré tí ń ṣàn láti òkè dákẹ́ lójijì nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn lè rò pé omi ti ń fà. Ó lè jẹ́ pé ilẹ̀ tí ó já lókè ni ó dí ọ̀nà rẹ̀, tí omi sì ń kó ara jọ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ó bá rí èyí kò gbọdọ̀ dúró kó ẹrù. Kí ó mú àwọn ọmọ, kí ó mú àgbà, kí wọ́n bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan kúrò lójú ọ̀nà omi náà. Kí wọ́n má sáré tẹ̀lé àfonífojì lọ sísàlẹ̀, nítorí ibẹ̀ gan-an ni yóò gbà.

A ti sọ ti àmì. Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ti ojúṣe, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti le. Tálákà tí ó ra ilẹ̀ ìdí òkè kò ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí àìgbọ́n. Ibẹ̀ ni owó rẹ̀ dé. Ìdílé tí ó tà á fún un náà ní ohun tí ó ń wá. Bí a bá wá ní òfin yóò lé e kúrò láìfún un ní ibòmíràn, òkè mìíràn ni yóò lọ bá. Nítorí náà, kí ilẹ̀ tó di títà ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà ti parí. Ìgbà tí àwọn ọba àti olórí ìdílé bá jókòó láti pín ilẹ̀, kí wọ́n sọ fún ara wọn pé ìdagẹ̀rẹ̀ kan wà tí a kì í tà: kí a fi sílẹ̀ fún igi. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ rán àwọn onímọ̀ jáde nígbà ọyẹ́, kí wọ́n ya àwòrán ibi tí ó léwu, kí wọ́n sì kà á sí etí àwọn ará àdúgbò ní èdè tí wọ́n gbọ́. A ní iléeṣẹ́ tí ń wo ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, tí ń sọ fún wa lọ́dọọdún bí òjò yóò ṣe rí. A ní àjọ tí ń mójú tó ìkún omi. A ní àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ní yunifásítì wa. Ohun tí ó kù ni kí ọ̀rọ̀ wọn dé ìdí òkè kí omi tó dé ibẹ̀.

Ẹni tí ó sì ti kọ́lé síbẹ̀ tán ńkọ́? Kì í ṣe gbogbo ilé ìdí òkè ni yóò wó, a kò sì gbọdọ̀ fi ìpayà pa ènìyàn. Kí ó la gọ́tà sí òkè ilé, kí omi àpáta lè yà sí ẹ̀gbẹ́. Kí ó má ṣe gbẹ́ ṣaláńgá tàbí kòtò ìdọ̀tí sí ara ìdagẹ̀rẹ̀, nítorí omi inú rẹ̀ ń rin ilẹ̀ láti inú. Kí ó gbin igi tí gbòǹgbò rẹ̀ jìn, kí ó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé ẹsẹ̀ òkè sí i. Kí àwọn aládùúgbò yan ẹni tí yóò máa ṣọ́ omi lóru ní àkókò àrọ̀kúrò, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń yan ọdẹ tí ń ṣọ́ olè. Bí àwọn onímọ̀ bá wá sọ pé ilé kan kò ṣeé gbé, kí a gbà pé ẹ̀mí ju ilé lọ, kí ìlú àti ìjọba sì ran onílé náà lọ́wọ́ láti kúrò.

Ní ìparí, ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n ní òkè ti wà láti ọjọ́ pípẹ́ tí kò sì ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Àwọn ará Galtür náà lè sọ bẹ́ẹ̀ títí di oṣù kejì ọdún 1999. Sùúrù tí òkè ti ní fún àwọn bàbá wa kì í ṣe ẹ̀jẹ́ tí ó jẹ́ fún wa. Àwọn bàbá wa bá a gbé pẹ̀lú igbó lára rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ipò. Àwa ti gé méjèèjì, a sì ń retí kí ó hùwà bí ti àtijọ́. Ní ayé Kírìjì, alóre a máa gun òkè láti wo ọ̀tá tí ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Iṣẹ́ alóre kò tíì tán. Ó kù kí á yíjú padà, kí á máa wo òkè náà fúnra rẹ̀. Àwọn àgbà ní igi gangan má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ọyẹ́ ni òkèèrè tiwa. Nígbà tí àrọ̀kúrò bá dé, ó ti gùn wá lójú.

Ibi tí a ó dánu dúró sí nìyẹn ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Ẹ bá àwọn ará ilé sọ ọ́, ẹ bá àwọn aládùúgbò sọ ọ́, pàápàá àwọn tí òkè wà lẹ́yìn ilé wọn.